Wíwòsàn Nìkan Kò Tó: Ìtàn Ètò Ìmúbọ̀sípò fún Àwọn Tí Ó La Àrùn Jẹjẹrẹ Já

Àṣamọ̀

Pépà yìí tọpinpin ìtàn bí ètò ìmúbọ̀sípò fún àwọn tí ó la àrùn jẹjẹrẹ já ṣe bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láti òpin sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún títí di òde òní. Ó fi hàn pé àwọn aláìsàn fúnra wọn ni ó kọ́kọ́ tọ́ka sí ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó nínú ìtọ́jú, kí ọ̀pọ̀ dókítà àti ìjọba tó tẹ̀ lé wọn. Ó sì fà á yọ láti inú ìtàn náà pé ètò tí ó bá dúró di ẹ̀yìn ìtọ́jú kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ti pẹ́ jù. Ní ìparí, pépà náà wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé ní Nàìjíríà àti ohun tí ó kan olùkọ́ nínú rẹ̀.

Ìfáàrà

Bí ẹnì kan bá ti ilé-ìwòsàn dé láàrin àwọn Yorùbá, "Ẹ kú ewu" ni ìkíni tí ń pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìkíni náà jẹ́wọ́ ohun méjì: pé ewu wà, àti pé ẹni náà ti kọjá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti àrùn jẹjẹrẹ, ìṣòro kì í tán ní ọjọ́ tí a bá ní kí aláìsàn máa lọ sí ilé. Obìnrin tí a gé ọmú rẹ̀ lè má lè na apá sókè mọ́. Ọkùnrin tí a yọ gògóńgò rẹ̀ kò lè fi ohùn àtijọ́ pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Ọmọdé tí a tan ìtànṣán sí lórí lè padà sí kíláàsì kí ó má rántí ohun tí a kọ́ ọ lánàá. Àwọn ará ilé yóò máa yọ̀ pé ẹni àwọn ti sàn, òun náà yóò sì máa rẹ́rìn-ín. Gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Ìmúbọ̀sípò ni orúkọ tí pépà yìí lò fún gbogbo ìgbésẹ̀ tí a ń gbé láti dá ara, ọkàn, iṣẹ́ òòjọ́ àti ipò aláìsàn láwùjọ padà dé ibi tí ó bá ṣeé ṣe. Ó yàtọ̀ sí ìwòsàn. Ìwòsàn ń bá àrùn jà. Ìmúbọ̀sípò ń bá ohun tí àrùn àti ìtọ́jú rẹ̀ bàjẹ́ jà.

Nígbà Tí Abẹ Jẹ́ Olórí Ìtọ́jú

Láti ọdún 1882 ni Dókítà William Halsted ti ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ kan fún jẹjẹrẹ ọmú, nínú èyí tí ó ń yọ ọmú, iṣan àyà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ àti àwọn kókó kéékèèké inú abíyá lẹ́ẹ̀kan náà. Èrò rẹ̀ ni pé bí a kò bá fi nǹkan kan sílẹ̀, àrùn náà kò ní rí ibi tí yóò gbà padà. Ní ọdún 1894, ó gbé àbájáde iṣẹ́ náà lórí aláìsàn 50 jáde láti ilé-ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni àrùn náà padà sí ojú ibi tí a ti gé e lára wọn. Èyí wú àwọn dókítà lórí tó bẹ́ẹ̀ tí irú iṣẹ́ abẹ yìí fi gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà títí di nǹkan bí ọdún 1970.

Àwọn kókó inú abíyá ní iṣẹ́ tiwọn. Ọ̀dọ̀ wọn ni omi ara tí ó ń ti apá bọ̀ ń gbà kọjá kí ó tó padà sínú ẹ̀jẹ̀. Bí a bá yọ wọ́n, omi náà lè sé mọ́ apá. Apá yóò wú, yóò wúwo, egbò kékeré sì lè di ńlá mọ́ ọn lára. Iṣan àyà tí a gé kúrò pẹ̀lú ń mú kí èjìká le. Halsted fúnra rẹ̀ kò ṣàìmọ̀ èyí, nítorí ní ọdún 1921 ó kọ̀wé lórí apá tí ó ń wú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Síbẹ̀, ojú ohun tí aláìsàn gbọ́dọ̀ fara dà nítorí ẹ̀mí rẹ̀ ni a fi ń wò ó. Ìbéèrè tí ó gba iwájú ni pé: ṣé àrùn náà padà? Bóyá ni ẹnikẹ́ni ń béèrè pé: ṣé obìnrin yìí lè di irun ọmọ rẹ̀?

Àwọn Aláìsàn Gba Ọ̀rọ̀ Sọ

Ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á. Ní ọdún 1952, a ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí fún obìnrin kan tí ń jẹ́ Terese Lasser ní New York. Nígbà tí ó ní kí a lọ sílé, kò sí ẹni tí ó lè sọ fún un bí yóò ṣe máa gbé apá, irú aṣọ tí yóò lè wọ̀, tàbí bí yóò ṣe bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó wá ìdáhùn fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn obìnrin mìíràn wò lórí ibùsùn wọn ní ilé-ìwòsàn. Ohun tí ó ń kó dání kò ju nǹkan díẹ̀ lọ: bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré tí aláìsàn yóò máa fún mọ́wọ́, okùn tí yóò máa fi fa apá sókè, ọmú àtọwọ́dá fún ìgbà díẹ̀, àti ìwé pẹlẹbẹ. Ohun tí ó tóbi jù lọ níbẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀. Aláìsàn rí obìnrin tí a ti gé bí tirẹ̀, tí ó dúró ṣánṣán, tí ó múra dáadáa, tí apá rẹ̀ sì ń gòkè.

Ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀ ń jẹ́ Reach to Recovery. Inú àwọn dókítà kan kò dùn sí i pé ẹni tí kì í ṣe oníṣègùn ń bá aláìsàn wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1969, American Cancer Society gba ètò náà mọ́ra. Ní ọdún 1974, obìnrin mìíràn, Francine Timothy, gbé e dé ilẹ̀ Yúróòpù.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ láàrin àwọn tí a yọ gògóńgò wọn pẹ̀lú. Ní ọdún 1952 kan náà ni àwọn ẹgbẹ́ wọn para pọ̀ di ẹgbẹ́ ńlá kan. Níbẹ̀ ni àwọn àgbà inú wọn ti ń kọ́ àwọn tuntun bí a ti í gbé afẹ́fẹ́ mì, kí a sì dá a padà bí ẹni gùfẹ̀, kí a fi ṣe ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ẹ̀kọ́ náà ń gbà, àwọn mìíràn kì í sì í lè ṣe é. Ọdún 1980 ni Mark Singer àti Eric Blom ní Indianapolis tó tẹ ìròyìn jáde lórí ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń fi sáàrin ọ̀nà èémí àti ọ̀nà ọ̀fun, tí ó ń jẹ́ kí èémí gba ọ̀fun kọjá láti di ohùn. Kí ẹ̀rọ náà tó dé, ẹnu aláìsàn sí etí aláìsàn ni ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ti ń kọjá.

Ìjọba Dá sí I: Àpérò Ọdún 1972

Ní ọjọ́ 23, oṣù Kejìlá, ọdún 1971, Ààrẹ Richard Nixon fọwọ́ sí òfin tí ó ya owó ńlá sọ́tọ̀ fún ìwádìí lórí jẹjẹrẹ. Ọ̀rọ̀ ogun ni a fi ń polongo rẹ̀, wíwá oògùn tí yóò ṣẹ́gun àrùn náà sì ni ó gba ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n láti inú akitiyan yìí ni àpérò orílẹ̀-èdè lórí ètò ìmúbọ̀sípò fún àwọn alájẹjẹrẹ ti wáyé ní ọdún 1972. Àpérò náà fi àfojúsùn mẹ́rin lélẹ̀. Èkíní ni àtìlẹ́yìn fún ọkàn aláìsàn àti ìdílé rẹ̀. Èkejì ni kí ara máa ṣiṣẹ́ dé ibi tí agbára rẹ̀ bá mọ. Ẹ̀kẹta ni ìmọ̀ràn lórí iṣẹ́ òòjọ́. Ẹ̀kẹrin ni kí aláìsàn lè padà sí ipò rẹ̀ láàrin ẹgbẹ́ àti ọ̀gbà. Ìgbà yìí ni iṣẹ́ àti àwùjọ wọ inú ètò pọ̀ mọ́ iṣan àti eegun.

Ẹni tí ó là á yé àwọn oníṣègùn bí a ó ṣe ṣe é ni Dókítà Herbert Dietz ní New York. Ní ọdún 1969 ni ó ti pín ìmúbọ̀sípò sí oríṣi mẹ́rin. Oríṣi kìíní ni èyí tí ń dènà: a ó kọ́ aláìsàn ní eré ìdárayá èjìká kí ìlekoko tó dé. Ìkejì ni èyí tí ń dá nǹkan padà, nígbà tí a bá retí pé ara yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ̀ sípò pátápátá. Ìkẹta ni èyí tí ń ranni lọ́wọ́ nígbà tí àbùkù kan bá ti dúró, bíi kíkọ́ ẹni tí a gé lẹ́sẹ̀ láti fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rìn. Ìkẹrin ni èyí tí ń fúnni ní ìtura nígbà tí àrùn náà kò ṣeé wò mọ́, kí aláìsàn lè jókòó, kí ó lè jẹun, kí ó má sì jẹ̀rora jù. Ohun tí ìpín yìí kọ́ni ni pé kò sí aláìsàn kan tí ọ̀rọ̀ ìmúbọ̀sípò kò kàn. A kì í dúró kí a mọ ẹni tí yóò yè kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ orí ìwé yàtọ̀ sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Ní ọdún 1978, Lehmann àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 805. Wọ́n rí i pé kò sí irú jẹjẹrẹ tí kò fi ìṣòro sílẹ̀ fún ara tàbí fún ọkàn, ọ̀pọ̀ nínú ìṣòro wọ̀nyí ni ó sì ṣeé tún ṣe. Ohun tí ó fa ìdíwọ́ ni pé àwọn dókítà kò dá ìṣòro náà mọ̀, tàbí pé wọn kò mọ ẹni tí ó yẹ kí wọ́n darí aláìsàn sí.

Àwọn Ọmọdé àti Ọ̀rọ̀ Ilé-Ìwé

Apá yìí ni ó kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Títí di nǹkan bí ọdún 1960, ọmọ tí ó bá ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kì í sábà pẹ́ láyé. Ní ilé-ìwòsàn St. Jude tí a ṣí ní Memphis ní ọdún 1962, Dókítà Donald Pinkel àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pa oríṣiríṣi oògùn pọ̀ mọ́ ìtànṣán tí a ń tàn sí orí, nítorí pé àrùn náà máa ń sá pamọ́ sí àyíká ọpọlọ. Nígbà tí ọdún 1970 fi ń súnmọ́lé, nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ náà ni ó ń yè. Ayọ̀ ńlá ni èyí jẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ó yè dàgbà, wọ́n sì lọ sí ilé-ìwé. Ibẹ̀ ni ó ti hàn pé ìtànṣán orí náà ń dí àwọn kan nínú wọn lọ́wọ́: ọkàn wọn kì í dúró sójú kan, ìṣirò ń ṣòro fún wọn, wọn kì í sì í yára lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọdún 1975, Dókítà Giulio D'Angio kọ àròkọ kan tí àkọlé rẹ̀ ń kìlọ̀ pé wíwòsàn nìkan kò tó. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé ọmọ tí a wòsàn lónìí ni àgbàlagbà ọ̀la, ìtọ́jú sì gbọ́dọ̀ ro ti ọ̀la náà. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ìkìlọ̀ yìí tó so èso. Ní ọdún 2009, àwọn oníṣègùn St. Jude kan náà fi hàn pé bí a bá lo oògùn bí ó ti tọ́, a lè yọ ìtànṣán orí kúrò nínú ìtọ́jú náà láìpa ọmọ lára.

Láti Ipò Aláìsàn sí Ipò Ẹni Tí Ó Yè

Ní ọdún 1975, Dókítà Fitzhugh Mullan, ọmọ ọdún 32, rí jẹjẹrẹ nínú àyà ara rẹ̀. Ìtọ́jú náà le, ó sì pẹ́ kí ó tó lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Àròkọ tí ó kọ ní ọdún 1985 yí èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn padà. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ "ó sàn" tàbí "kò sàn" ni, bí kò ṣe àkókò mẹ́ta tí ń tẹ̀ léra: àkókò ìtọ́jú, àkókò tí ìtọ́jú ti parí ṣùgbọ́n tí ìbẹ̀rù àti àárẹ̀ kò lọ, àti àkókò tí ewu pé àrùn yóò padà ti dínkù púpọ̀, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti adójútòfò ṣì ń yọni lẹ́nu. Ó fi ipò àwọn tí ó wà ní àkókò kejì wé ti ẹni tí a yọ nínú omi tí a sì fi sílẹ̀ létí odò. Ní ọdún 1986, òun àti àwọn mìíràn pàdé ní ìlú Albuquerque, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè kan sílẹ̀ fún àwọn tí ó la jẹjẹrẹ já. Ẹgbẹ́ yìí kọ̀ láti dúró di ọdún márùn-ún kí a tó pe ènìyàn ní ẹni tí ó yè. Láti ọjọ́ tí a bá ti rí àrùn náà lára rẹ̀ ni orúkọ náà ti jẹ́ tirẹ̀.

Ìjọba Amẹ́ríkà dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ wọn ní ọdún 1996. Ní ọdún 2005, àjọ àwọn onímọ̀ ìṣègùn kan, Institute of Medicine, gbé ìwé ńlá jáde pé ọ̀pọ̀ aláìsàn ni ó ń sọnù lójú ọ̀nà láàrin ilé-ìwòsàn àti ilé. Wọ́n dábàá pé kí olúkúlùkù gba ìwé ètò ìtọ́jú kan dání tí ó bá ti parí ìtọ́jú: irú ìtọ́jú tí ó gbà, àmì tí ó gbọ́dọ̀ ṣọ́, àti ẹni tí yóò máa mójú tó ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun Tí Ìwádìí Fi Kún Un

Ìwé nìkan kò tó. Ní ọdún 2011, Eva Grunfeld àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà tẹ ìwádìí jáde lórí obìnrin 408 tí ó ti parí ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú. Àwọn tí ó gba ìwé ètò yìí kò ní ìfọ̀kànbalẹ̀ ju àwọn tí kò gbà á lọ. Ètò tí kò sí ẹni tí yóò mú un ṣẹ kò yàtọ̀ sí ìwé lásán.

Ọ̀rọ̀ ẹrù gbígbé náà yí padà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a ti ń sọ fún obìnrin tí apá rẹ̀ wú pé kò gbọdọ̀ gbé ohun tí ó wúwo. Ìkìlọ̀ yìí kì í ṣe kékeré fún ẹni tí ń pọn omi, tí ń gúnyán, tí ń gbé ọjà. Ní ọdún 2009, Kathryn Schmitz àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde jáde lórí obìnrin 141 tí apá wọn wú. Àwọn tí a kọ́ láti máa gbé irin lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, díẹ̀díẹ̀, lábẹ́ àmójútó, pẹ̀lú aṣọ tí ó há mọ́ apá, kò wú ju àwọn yòókù lọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, apá wọn le sí i, ìnira wọn sì dínkù. Kókó ọ̀rọ̀ ni pé díẹ̀díẹ̀ ni, olùkọ́ sì wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ ti rọ̀. Ìwádìí Bernard Fisher ní Amẹ́ríkà àti ti Umberto Veronesi ní Ítálì fi hàn pé fún ọ̀pọ̀ obìnrin tí àrùn wọn kò tíì jìnnà, yíyọ kókó àrùn nìkan pẹ̀lú ìtànṣán ń gba ẹ̀mí là bákan náà. Lẹ́yìn èyí ni èrò mìíràn tún dé. Ní ọdún 2013, Julie Silver àti Jennifer Baima ṣàlàyé ìdí tí ó fi yẹ kí ìmúbọ̀sípò bẹ̀rẹ̀ kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀ rárá: kí a wọn apá kí a tó gé ọmú, kí a fún ara lókun kí oògùn tó dé, kí a sì tu ọkàn nínú ṣáájú.

Bí Ọ̀rọ̀ Ṣe Rí ní Nàìjíríà

Ọ̀rọ̀ ìmúbọ̀sípò kò ṣàjèjì sí Nàìjíríà. Ilé-ìwòsàn eegun tí ó wà ní Igbóbì ní Èkó bẹ̀rẹ̀ nítorí àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì di ilé-ìwòsàn ní ọdún 1945. Ní ọdún 1966, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè lórí físíòtẹ́rápì. Ní Ìbàdàn kan náà, láti ọdún 1960 ni a ti ń kọ orúkọ àwọn tí ó ní jẹjẹrẹ sílẹ̀ ní ilé-ìwòsàn ńlá UCH. Ohun èlò wà, ìmọ̀ sì wà, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà.

Níhìn-ín pẹ̀lú, ẹni tí ó kàn ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1997, Betty Anyanwu-Akérédolú, tí òun fúnra rẹ̀ ní jẹjẹrẹ ọmú, dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀, ó sì jáde sọ̀rọ̀ ní gbangba nígbà tí ọ̀pọ̀ ń fi àrùn náà pamọ́. Ìjọba àpapọ̀ ṣe ètò ìdènà jẹjẹrẹ fún ọdún 2008 sí 2013 àti fún ọdún 2018 sí 2022. Ní ọdún 2019, a ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ ìgbàlódé ní LUTH ní Èkó. Ní oṣù Kìíní ọdún náà ni Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tí ó de ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara. Ìdènà, àyẹ̀wò àti ìtọ́jú ni ó gba iwájú nínú akitiyan wọ̀nyí, kò sì yani lẹ́nu, nítorí pé ọ̀pọ̀ aláìsàn ni ó máa ń pẹ́ kí ó tó dé ilé-ìwòsàn. Ṣùgbọ́n bí ìtọ́jú bá ṣe ń dára sí i ni àwọn tí yóò yè yóò máa pọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ibi tí wọn yóò padà sí yóò sì máa le sí i.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn yìí fi ohun méjì hàn. Àkọ́kọ́ ni pé ìgbà tí a fetí sí aláìsàn ni ìtọ́jú ń tẹ̀ síwájú: Lasser, àwọn tí kò ní gògóńgò, àti Mullan ni ó la ọ̀nà. Ìkejì ni pé láti orí bọ́ọ̀lù rọ́bà Lasser títí dé orí ìwádìí ọdún 2013, ńṣe ni àkókò ìmúbọ̀sípò ń súnmọ́ iwájú, láti ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ lọ sí ìṣáájú rẹ̀.

Ìkejì yìí kò yẹ kí ó ṣòro fún Yorùbá láti lóye. Kí aláboyún tó bímọ ni ìdílé ti mọ ẹni tí yóò wá wẹ ọmọ, ẹni tí yóò máa gbé omi gbígbóná kaná, àti ẹni tí yóò bójú tó ọjà ìyá ọmọ. Kò sí ẹni tí ń dúró di ọjọ́ ìkúnlẹ̀ kí ó tó ronú nípa ìwọ̀nyí. Bákan náà ni ó yẹ kí ìdílé, ilé-ìwòsàn àti ibi iṣẹ́ jọ jókòó kí abẹ tàbí oògùn tó bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ olùkọ́ wà nínú èyí. Apá ni olùkọ́ fi ń kọ̀wé sójú pátákó, ohùn ni ó fi ń kọ́ni, ẹsẹ̀ ni ó sì fi ń dúró láti àárọ̀. Olùkọ́ tí ó la jẹjẹrẹ já nílò ọ̀gá ilé-ìwé tí yóò dín iye kíláàsì rẹ̀ kù fún sáà kan, tí yóò fún un ní àga, tí kò sì ní ka àárẹ̀ rẹ̀ sí ọ̀lẹ. Ọmọ tí ó ti ilé-ìwòsàn dé nílò olùkọ́ tí yóò fún un ní àkókò púpọ̀ sí i nígbà ìdánwò, tí yóò jókòó rẹ̀ síwájú, tí yóò sì kọ ìyípadà tí ó bá ṣàkíyèsí ránṣẹ́ sí òbí àti dókítà. Olùkọ́ ni ó ń rí ọmọ lójoojúmọ́, nígbà tí dókítà lè máa rí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹ̀kọ́ nípa ìpadàbọ̀ ọmọ tí ó ṣàìsàn tí ó pẹ́ wà nínú ohun tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́ṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí "Ẹ kú ewu" tí a kí ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà ilé lè bá a dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì.